Ilé Rírẹ́: Ẹ Gba Ẹni Tí Ó Mọ Iṣẹ́

Nígbà tí òjò bá ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ó ń gbé Kánò, Kàdúná, Sáríà, Jọ́ọ̀sì, Mìnnà àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè Ọya máa ń fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá àwọn rẹ́ ilé tí àwọn ń kọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ọdún bá sì gbé wọn dé ilé, ohun tí ojú wọn máa ń rí kì í ṣe ohun tí wọ́n sanwó fún. Ògiri tí a rẹ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti sán bí ilẹ̀ àbàtà tí oòrùn pa. Bí ọmọdé bá fi èékánná ha á, yanrìn ni ó ń dà sílẹ̀. Ibi kan wú sóde, ibi kan jìn sínú. Ẹni tí ó ni ilé yóò dúró lójúde, yóò káwọ́ sẹ́yìn, kò ní mọ ẹni tí yóò bá wí: ṣé bíríkìlà ni, ṣé ẹni tí ó ta sìmẹ́ǹtì ni, tàbí àbúrò rẹ̀ tí ó fi owó rán?

Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa bá wa gbé yẹ̀ wò lónìí. Kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà ilé nìkan. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tí bíríkìlà tí kò mọ iṣẹ́ bá rẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ lanu. Lẹ́yìn náà ni àárín ọmọ ìyá méjì yóò lanu pẹ̀lú.

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bi wá léèrè ìdí tí àwa tí a wà ní àjò fi ń kọ́ ilé sí ìlú wa. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú wa kò gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gáná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀ffà àti ìlú mìíràn tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ di ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè dì, wọ́n sì forí lé ilé. Ẹni tí ó ti kọ́lé sílé rí ibi sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ẹni tí kò kọ́ di ẹni tí ń gbé yàrá ọmọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò kúrò lọ́kàn wa, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí ènìyàn fi lè wọ aṣọ kan náà fún ọdún mẹ́ta kí ilé rẹ̀ lè kúrò ní ìpìlẹ̀. Owó tí a fi ebi pa ara wa kó jọ báyìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a kó lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáà ti lè gbé ṣọ́bìrì.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ṣe sábà máa ń rí. Ẹni tí ó wà ní àjò yóò pe àbúrò rẹ̀ lórí tẹlifóònù, yóò ní kí ó bá òun wá bíríkìlà. Àbúrò yìí, tí ó jẹ́ olùkọ́ tàbí aránṣọ, tí kò sì mọ ohunkóhun nípa ilé kíkọ́, yóò wá ẹni méjì. Èkíní yóò sọ iye kan. Èkejì yóò sọ ìdajì rẹ̀. Wọn yóò fi ọ̀rọ̀ náà tó ẹ̀gbọ́n létí ní àjò, òun náà yóò sì dáhùn pé, "Ẹ mú èyí tí ó gba ìdajì." Inú gbogbo wọn yóò dùn pé àwọn rí owó ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bí ọkùnrin kejì yìí yóò ti ṣe é tí òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò fi jẹun nínú iye tí ó dá.

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Yóò kó ọmọṣẹ́ tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ wá. Yóò po erùpẹ̀ mọ́ yanrìn. Dípò òṣùwọ̀n yanrìn mẹ́fà sí sìmẹ́ǹtì kan, yóò sọ ọ́ di mẹ́wàá tàbí méjìlá, àpò tí ó bá sì kù yóò gba ẹ̀yìnkùlé jáde ní alẹ́. Yóò sáré parí rẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀ kí ó lè bọ́ sí ibòmíràn, nítorí pé iṣẹ́ mẹ́ta ni yóò ṣe kí ó tó rí owó iṣẹ́ kan. A kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá gba owó pọ́ọ́kú ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àwa ni a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀.

Lójú tiwa, ibi tí àṣìṣe wa wà gan-an ni pé owó ọwọ́ oníṣẹ́ ni a máa ń nájà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nígbà tí ó jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ni ó sábà máa ń gbé owó lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹni tí kò sí nílé pàápàá lè jókòó sí Sábọ̀n Gàrí kí ó ṣe é. Kí ó kàn béèrè iye búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi mọ ògiri ilé náà. Búlọ́ọ̀kù tí a ń lò, yálà èyí tí ó nípọn ní ínṣì mẹ́fà tàbí ínṣì mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ni gígùn rẹ̀, ínṣì mẹ́sàn-án sì ni gíga rẹ̀. Bí mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni ó ń gba ìwọ̀n mítà kan níbùú lóòró. Nítorí náà, ilé tí ó gba búlọ́ọ̀kù 2,500, mítà 250 níbùú lóòró ni ògiri rẹ̀ lójú kan. Bí a bá fẹ́ rẹ́ ẹ nínú àti lóde, ó di 500. Bí a bá rẹ́ ẹ kí ó nípọn tó mìlímítà 15, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ìdajì ínṣì lọ, tí a sì po òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan mọ́ òṣùwọ̀n yanrìn mẹ́fà, bí àpò mẹ́jọ ni yóò lọ sí mítà 100, èyí ni pé bí 40 àpò fún gbogbo ilé náà. Bí a bá fẹ́ kí ó le sí i, tí a po ó ní òṣùwọ̀n kan sí mẹ́rin, yóò tó bí 56 àpò. Ẹni tí ó bá ní ìṣirò yìí lọ́wọ́ mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí i pé sìmẹ́ǹtì 100 kò tó, ó sì mọ ohun tí yóò béèrè bí wọ́n bá sọ pé 20 ti tó rẹ́ ẹ tán.

Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí ó mọ ògiri náà kò bá fi okùn wọ̀n ọ́n, tí ògiri sì wọ́? Ẹni tí yóò rẹ́ ẹ yóò ní láti máa fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tí ó jìn títí yóò fi bá ibi tí ó yọ dọ́gba. Mìlímítà 15 yóò di 30; 40 àpò yóò di 80. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí àpò sìmẹ́ǹtì kan ti kọjá 10,000 náírà ní ibi púpọ̀, ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tí ó ń ṣe sìmẹ́ǹtì jọ, wọ́n sì fi ẹnu kò pé kí àpò kan wà láàrin 7,000 náírà sí 8,000. Kí a tilẹ̀ fi 8,000 yìí ṣe ìṣirò, 40 àpò tí a kò retí yẹn jẹ́ 320,000 náírà, láìka yanrìn, láìka owó omi. Ṣé iye tí a yọ lórí owó bíríkìlà tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tí ó lọ́jọ́ lórí yóò rántí ọdún 1975, nígbà tí àwọn ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ǹtì tò lọ rẹrẹẹrẹ ní etíkun Èkó tí wọn kò rí àyè já ẹrù wọn. Ìgbà tí sìmẹ́ǹtì jẹ́ ìyọnu nítorí pé ó pọ̀ jù ti lọ. Lónìí, àpò kọ̀ọ̀kan ni a ń kà bí ẹni ń ka ẹyin.

Nítorí náà, ọjọ́ tí a to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lé ìpìlẹ̀ ni a ti dá owó ilé rírẹ́. Ẹni tí ó bá fi owó pọ́ọ́kú mọ ògiri, tí ó wá ń wá ọ̀gá tí yóò bá a rẹ́ ẹ kí ó jọ̀lọ̀, ó ti pẹ́ kí ó tó jí.

Nọ́ńbà kan tún wà lára àpò sìmẹ́ǹtì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Ní ọdún 2014, àjọ SON, tí ó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé ilé rírẹ́ nìkan ni kí a máa lo sìmẹ́ǹtì 32.5 fún, pé 42.5 ni kí a máa fi ṣe búlọ́ọ̀kù, òpó àti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bíríkìlà tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, kí ni ó tún mọ̀?

Ohun tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ń ṣe, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kì í ṣe, kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá parí, ògiri àwọn méjèèjì lè jọ ara wọn. Ọ̀gá yóò bu yanrìn tútù sọ́wọ́, yóò fún un. Bí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò ní kí ọlọ́kọ̀ dá a padà síbi tí ó ti gbé e wá. Kò ní po èyí tí yóò lò títí di ìrọ̀lẹ́ ní òwúrọ̀. Sìmẹ́ǹtì tí omi bá ti kàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí le láàrin wákàtí díẹ̀, bí ó bá sì ti ń le, omi tí a tún bù sí i kò lè jí i mọ́. Ńṣe ni yóò gba agbára ara rẹ̀. Yóò wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù kí ó tó rẹ́ ẹ, kí búlọ́ọ̀kù gbígbẹ má baà fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu. Lẹ́yìn tí ó bá rẹ́ ẹ tán, yóò rí i pé wọ́n ń wọ́n omi sí ògiri náà fún bí ọjọ́ méje. Èyí ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọyẹ́, ìgbà tí àwa gan-an fẹ́ràn láti máa rẹ́ ilé, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi kúrò lára ògiri kí sìmẹ́ǹtì tó di ìyá ara rẹ̀ mú. Ta wá ni ó ń wọ́n omi yìí ní ilé tí ẹni tí ó ni ín wà ní Kánò? Bí a kò bá dárúkọ ẹnì kan, tí a kò sì san owó omi àti owó iṣẹ́ fún un, kò sí ẹni tí yóò ṣe é.

Bákan náà ni ti iná mànàmáná àti omi ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti rẹ́ tán, tí ó ti dán, kí oníṣẹ́ iná tó dé pẹ̀lú òòlù rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó san owó ìrẹ́lé, ojú àpá náà kò sì ní parẹ́ láéláé. Bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ yóò béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti ri páìpù iná mọ́lẹ̀?" kí ó tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀. Tí ó bá sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ògiri ni ó ń ṣí ní ọdọọdún, tí ohun funfun bí iyọ̀ ń hù lára rẹ̀, omi ilẹ̀ ni ó ń gòkè wá láti ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ tún un rẹ́, kí ẹ tún fi ọ̀dà kùn ún, owó yín ni ó ń jẹ.

Nínú àwọn ìlú tí a ń gbé yìí, ó yẹ kí a ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Amọ̀ ni àwọn Haúsá fi kọ́ ilé àtijọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fi rírẹ́ rẹ̀ ṣeré. Wọ́n ń lo omi èèpo èso igi irú, tí wọ́n ń pè ní makuba, kí òjò má baà tètè wọ ara ògiri. Ẹni tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ti Sáríà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Mikaila, Babban Gwani ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀gá àgbà láàrin àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọnà. Orúkọ rẹ̀ kò parun títí di òní. Nílé tiwa náà, àwọn ìyá wa a máa fi ẹbọ́tọ rẹ́ ilé, bí ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá sì kàn án, a máa dán. Ìgbà tí sìmẹ́ǹtì dé ni a wá rò pé iṣẹ́ náà ti di ti ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà máa ń sọ fún àwọn òbí wọn pé kí wọ́n fi ìyọnu sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, kí wọ́n lo pátákó jípísọ́ọ̀mù bí àwọn ti ń lò ó níbẹ̀. Òótọ́ ni pé pátákó náà, tí Augustine Sackett gba ìwé ẹ̀rí irú rẹ̀ ní ọdún 1894, ni ó wà lára ògiri inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ náà. A sì ń rí i nínú ọ́fíìsì ní Àbújá àti Èkó níbi tí wọ́n ti fi ń pín yàrá. Ṣùgbọ́n kò bá omi ṣọ̀rẹ́. Ògiri ìta tí òjò ilẹ̀ wa ń nà kì í ṣe tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, kíkàn án mọ́ igi kọ́ ni iṣẹ́ náà: dídí ojú ibi tí pátákó méjì ti pàdé, kí ó má baà hàn rárá, ni ó ń mú kí wọ́n pe ọ̀jáfáfá, ibẹ̀ sì ni owó ń lọ. Ìwà kan náà ni ọ̀rọ̀ ògiri ń hù níbi gbogbo.

A mọ̀ pé ohun tí a fẹ́ sọ yìí kò ní dùn létí àwọn kan. Ẹbí kì í ṣe alábòójútó iṣẹ́. Ọ̀dájú ló bí owó, ìtìjú ló bí gbèsè. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí a lè sọ fún ẹ̀gbọ́n wa pé kò mọ̀ nípa ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa tiwa náà. Ẹ̀gbọ́n tí a kò fún ní kọ́bọ̀, tí a sì ní kí ó máa fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ dúró ti bíríkìlà láti òwúrọ̀ di alẹ́, owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò ti inú sìmẹ́ǹtì wá. Nígbà tí a bá mọ̀, a ó pè é ní olè, a kò sì ní rántí pé àwa ni a rán an ní iṣẹ́ láìfún un ní oúnjẹ. Bí a bá fẹ́ kí ẹbí bá wa bójú tó o, kí a dá owó fún un ní gbangba. Èyí tí ó sàn jù ni pé kí a gba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bójú tó ilé, kí ẹbí sì jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ń wá wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Báwo ni a ó ti mọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́? Ilé tí ó rẹ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni kí ẹ ní kí ó fi hàn yín, kì í ṣe èyí tí ó rẹ́ ní oṣù tí ó kọjá. Ìdánwò tún wà tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní tírédì tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí ó bá ti yege nínú rẹ̀ yóò ní ìwé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé lónìí ni ó ń wá bíríkìlà láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, wọ́n ní ọwọ́ wọn mọ́. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó tì wá lójú pé àwọn ọmọ tiwa kò fẹ́ lo ọdún mẹ́ta lẹ́sẹ̀ ọ̀gá mọ́, pé alùpùpù ni wọ́n ń sá lọ gùn.

Nítorí náà, a rọ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù ní gbogbo ìlú Òkè Ọya pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tí wọn yóò jíròrò. Ẹgbẹ́ tí ó lè dá owó aṣọ ọdún jọ lè ní ìwé kan tí orúkọ àwọn bíríkìlà olóòótọ́ ní ìlú wọn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ilé tí oníkálukú wọn ti rẹ́. Ẹni tí ó bá sì fi iṣẹ́ rẹ́ni jẹ, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa nílé náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa wó lulẹ̀ lójú wọn.

Ní ti owó sísan, kí a má ṣe san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí bíríkìlà rẹ́ yàrá kan ṣoṣo ná, kí ẹni tí ó mọ̀ wò ó. Kí ó gbé igi gígùn tí ó tọ́ lé ara ògiri, kí ó wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Kí ó fi ìka kàn án kiri, kí ó gbọ́ bóyá ibì kan ń dún bí igbá òfìfo, nítorí pé ibẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ní alẹ́, kí ó gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà; ibi tí ó wú àti ibi tí ó jìn yóò hàn kedere. Bí ó bá dára, kí iṣẹ́ máa lọ, kí owó sì máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilé títí òjò àkọ́kọ́ nínú ọdún yóò fi na ògiri ìta. Bíríkìlà tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata, òun ni kí ẹ mú, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ju ti ẹnìkejì lọ.